Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Onírọ́bà Tó Fún Pinpin: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọ̀ Ọ́ àti Ohun Tó Fojú Àbúrò Mi Rí

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹfà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester ló ń pè mí lórí fídíò WhatsApp. Bí mo ṣe gbé e báyìí, mo rí i tó dúró sẹ́bàá omi, nǹkan dúdú kan tó ń dán bí ẹja àrọ̀ wà lára rẹ̀ dé ìbàdí. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti há sínú ọwọ́ aṣọ náà, kò lè wọlé, kò lè jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a di fóònù mú. Òógùn bò ó bí ẹni tó ń ru bíríkì, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọ kóòtù, wọ́n ń gbọ̀n fún òtútù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò mí o! Aṣọ ló fẹ́ pa mí kí n tó dénú omi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Àbúrò mi yìí kò mọ̀wẹ̀ rárá nígbà tó kúrò nílé. Ìbàdàn la ti dàgbà, láti ìgbà tí Ògùnpa sì ti ya lọ́dún 1980 ni ìyá wa ti kórìíra odò. Ọmọ tó bá sọ pé òun fẹ́ lọ wo omi, ẹgba ló máa jẹ. Ó ti lé lọ́mọ ọdún márùndínlógójì kó tó lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú swimming pool àdúgbò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún méje tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ó ní òun á ṣe triathlon, eré ìdíje tí èèyàn á ti lúwẹ̀ẹ́, tí á jáde nínú omi bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, tí á sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Èyí tó kéré tó forúkọ sílẹ̀ fún, mítà 750 ni omi rẹ̀, kìlómítà 20 ni kẹ̀kẹ́, kìlómítà 5 ni ìsáré. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi múra sílẹ̀. Ó sanwó ìforúkọsílẹ̀, ó ra kẹ̀kẹ́, ó wá ra aṣọ dúdú yẹn ní ọ̀sẹ̀ tí ìdíje kù. Kò wọ̀ ọ́ wò dénú omi rí.

Kò tíì wẹ tó ọgọ́rùn-ún mítà tó fi ní bí ẹni pé ẹnì kan ń fún òun lọ́rùn. Èémí kò wọlé dáadáa mọ́. Apá ò gbé sókè bó ṣe máa ń gbé nínú pool. Ẹ̀rù bà á, ó dojú délẹ̀, ó yí padà, ó nawọ́ sókè, wọ́n sì fi ọkọ̀ kékeré fà á wá sí èbúté. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó ní òun ò ní dé etí omi mọ́ láyé òun, pé òótọ́ ni ìyá wa sọ, omi kì í ṣe ti wa.

Ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan tó wà níbẹ̀, tí òun náà fẹ́ wọ omi, ló sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ó wo àárín itan àbúrò mi, ó rí i pé aṣọ náà rọ̀ sísàlẹ̀ tó ìka mẹ́rin, ó ní: "Kì í ṣe omi ló lé ọ jáde. Aṣọ tí o kò wọ̀ tán ni."

Mo bá fi ọjọ́ bíi mélòó kan ṣèwádìí. Mo bá àwọn tó ń wọ̀ ọ́ sọ̀rọ̀, mo ka ohun tó wà nílẹ̀, mo sì ní kí àbúrò mi wọ̀ ọ́ lójú mi lórí fídíò lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn òǹkàwé wa tó wà nílùú òyìnbó, tí wọ́n ti ń sáré, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí omi wá ku ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Kí ni aṣọ náà gan-an? Wetsuit ni òyìnbó ń pè é. Rọ́bà kan tó ń jẹ́ neoprene ni wọ́n fi ṣe é. Ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe rọ́bà yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1930. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe aṣọ, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ títí á fi wú bíi fóòmù bẹ́ẹ̀dì, ilé afẹ́fẹ́ kéékèèké á wá kún inú rẹ̀ bámúbámú. Onímọ̀ físíìsì kan ní Yunifásítì California, Hugh Bradner, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì nígbà ogun àgbáyé kejì, ló rò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé kò pọn dandan kí awakùsà omi gbẹ kó tó lè móoru. Ohun tó sọ ni pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú rọ́bà ló ń dá òtútù dúró, kì í ṣe gbígbẹ ara. Nítorí náà, kí omi díẹ̀ wọlé sáàárín awọ ara àti aṣọ kò burú, bí omi yẹn kò bá ṣáà ti máa wọlé jáde, wọlé jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ìdí tó fi gbọ́dọ̀ fún wà.

Àwọn tó ń gun ìgbì òkun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún triathlon kò jáde títí di ọdún 1987, nígbà tí Dan Empfield dá ilé iṣẹ́ Quintana Roo sílẹ̀ ní California. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì o. Ti àwọn agun-ìgbì nípọn, ó le, aṣọ híhun bo ìta rẹ̀ kó má bàa tètè ya. Ti triathlon yìí, ìta rẹ̀ ń dán, ó ń yọ̀ bíi ọṣẹ, torí kó lè máa yọ̀ gba inú omi kọjá. Èjìká àti abíyá rẹ̀ tínrín, mìlímítà kan ààbọ̀ tàbí méjì, kí apá lè gbé. Àyà àti itan rẹ̀ nípọn tó mìlímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ìdí lè léfòó. Òfin ìdíje kò gbà kó ju mìlímítà 5 lọ níbikíbi lára rẹ̀. Èyí tó nípọn jùyẹn lọ, bí ẹni gun ọkọ̀ ni, ìrẹ́jẹ ni wọ́n kà á sí.

Àbí ẹ rí ohun tó wà nídìí ẹ̀? Àwọn tó bá ti dàgbà kí wọ́n tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, bíi tàbúrò mi, ẹsẹ̀ wọn ló máa ń rì. Orí á wà lókè, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nísàlẹ̀ bí ìdákọ̀ró. Aṣọ yìí máa ń gbé ìdí wọn sókè, èèyàn á tẹ́jú lórí omi, agbára tó ń lò á dín kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a lójú méjèèjì kódà nígbà tí òtútù kò pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń gbà kí èèyàn wọ̀ ọ́. Lábẹ́ òfin World Triathlon, tí omi bá ti gbóná dé digírì 22, tí ìlúwẹ̀ẹ́ náà kò sì ju mítà 1,500 lọ, èèwọ̀ ni fún àwọn tí kì í ṣe akọṣẹ́mọṣẹ́. Àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́, digírì 20 ni tiwọn ti parí. Tí omi bá sì tutù tó digírì 15.9 sísàlẹ̀, dandan ni, ẹni tí kò bá ní in á lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tí ẹ ń kà á, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi òkun tiwa gbóná ju gbogbo iyẹn lọ. Tí ẹ bá wọ nǹkan yìí wọ̀ ọ́, á sè yín bí ẹ̀fọ́.

Ó yá, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́.

Àsìkò ni àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀ dáadáa á lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó fún ara rẹ̀ ní ìdajì wákàtí. Ìṣẹ́jú méje ni àbúrò mi ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí ó ń wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí. Ìkánjú ló fi bẹ̀rẹ̀, ìkánjú ni aṣọ yìí sì kórìíra. Ara gbọ́dọ̀ gbẹ pẹ̀lú. Tí òógùn bá ti bò yín, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, rọ́bà á lẹ̀ mọ́ yín lára, kò ní sún. Nítorí náà, ẹ má lọ sá kiri láti mú ara gbóná kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́ tí oòrùn bá wà.

Èékánná. Ẹ gé e. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ lẹ èékánná gígùn, mo bẹ̀ yín. Rọ́bà yẹn rọ̀ bí àkàrà gbígbóná, èékánná kan ṣoṣo á wọ inú rẹ̀ bí ọ̀bẹ, owó tí ẹ fi rà á á sì máa dùn yín. Òrùka ńkọ́? Ẹ bọ́ ọ. Àwọn kan máa ń wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ fẹ́lẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá. Tí ẹ kò bá ní ìbọ̀wọ́, ara ìka, ibi tó rọ̀, ni kí ẹ fi máa mú un. Ẹ má fi orí ìka já a gbà bí ẹni ń já ewédú. Àbúrò mi ti fi èékánná dá ojú mẹ́rin sí i lára kó tó wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ojú náà kò jìn. Gọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún neoprene. Ẹ ó fi sí ojú ọgbẹ́ náà ní ìhà méjèèjì, ẹ ó dúró kó gbẹ díẹ̀, ẹ ó wá pa á pọ̀. Ó máa ń mú.

Ìpara. Ọrùn ni rọ́bà yìí máa ń há jù, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí orí láti mí ni etí aṣọ náà á máa fi ọrùn yín ṣe ayùn. Ẹni tó bá ti wẹ kìlómítà méjì láìfi ìpara sí ọrùn, ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bí ẹni tí wọ́n fi okùn so ni. Ẹ fi ìpara yí ọrùn ká, ẹ fi sí ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú, kí aṣọ lè tètè bọ́ nígbà tí ẹ bá jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe aṣọ yìí ló ń kìlọ̀ pé kí èèyàn má fi fasilíìnì tàbí ohunkóhun tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe pa á, torí ó lè ba rọ́bà àti gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ jẹ́. Ìpara tí kò ní epo rọ̀bì nínú wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun eré ìdárayá. Àbúrò mi kò mọ̀. Òrí tí ìyá wa fi ránṣẹ́ sí i ló fi pa gbogbo ara, ó fi pa ọwọ́ pẹ̀lú. Ọwọ́ tó ti kún fún òrí, báwo ló ṣe fẹ́ fi fa rọ́bà? Gbogbo ibi tó bá dì mú ló ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi ọwọ́ kan náà kan gíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí ọ̀ọ́kán mọ́. Ẹ nu ọwọ́ yín nù kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Síìpù ẹ̀yìn ni. Mo ń sọ èyí torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti wọ̀ ọ́ bí kóòtù, tí síìpù wà níwájú. Okùn gígùn kan wà lára síìpù náà tí èèyàn máa fi fà á fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà díẹ̀ wà tí síìpù wọn ń sọ̀ kalẹ̀ dípò kó gòkè, ẹ wo tiyín dáadáa nílé. Ẹ yí aṣọ náà dé ìbàdí, kí ìdajì òkè rẹ̀ ti yí inú síta.

Ọ̀rá ni àṣírí tó dùn mọ́ mi jù. Ọ̀rá lásán, tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì fún yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ sínú aṣọ. Ẹsẹ̀ á yọ̀ wọlé fíò. Tí ó bá ti jáde nísàlẹ̀, ẹ yọ ọ̀rá náà, ẹ fi sí ẹsẹ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe ọwọ́ nígbà tó bá yá. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀sẹ̀ tínrín dípò ọ̀rá náà ń rí i bí ìyẹn ṣe ń ṣe é.

Ibi tí gbogbo ayé ti ń ṣìnà nìyí, kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó bá ti wọ ẹsẹ̀ tán á fẹ́ fa aṣọ náà sókè láti ìbàdí, bí ẹni ń fa ṣòkòtò. Rárá o. Rọ́bà kì í sún bí òwú. Ibi tí ẹ bá ti fà á ló máa nà, ibi tó kù á dúró síbi tó wà. Ọ̀dọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹsẹ̀ aṣọ náà gòkè díẹ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀, kódà tó bá dé ìdajì ojúgun kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka mú ìwọ̀n kékeré, ẹ gbé e sókè. Ẹ mú òmíràn, ẹ gbé e. Ẹ yí ẹsẹ̀ náà ká bẹ́ẹ̀, níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí tí kò fi ní sí ohun tó kájọ mọ́ ní ojúgun. Ẹ mú un kọjá orúnkún, ẹ mú un gba orí itan, díẹ̀díẹ̀, títí tí rọ́bà àárín itan fi máa kan ara yín gan-an. Bí ìrọ̀rí ńlá tí a fẹ́ kì sínú àpò kékeré ló rí: ẹ gbọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ tì í kó tó dé òkè.

Kí ló dé tí àárín itan fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ bá mi rò ó wò. Gígùn aṣọ náà kò yí padà. Láti àárín itan dé èjìká, iye kan náà ni. Tí ó bá rọ̀ sísàlẹ̀ ní ìka mẹ́rin, ìka mẹ́rin yẹn gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá, èjìká àti ọrùn ló sì máa ti wá. Á máa fa èjìká yín sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé apá, á máa fa ọrùn aṣọ náà mọ́ ọ̀fun yín. Àbúrò mi rò pé aṣọ náà kéré jù fún òun. Ó ti fẹ́ tà á. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ni! Ọ̀fun ló ń dùn ún, àárín itan ló wà ní ìdí ọ̀rọ̀.

Tí ó bá ti jókòó dáadáa níbẹ̀, ẹ gbé e kọjá ìdí àti ikùn bẹ́ẹ̀, kó ga tó bó ṣe lè ga tó, kí ẹ tó ronú nípa apá rárá. Ẹ má wọ ọwọ́ nígbà tí ìbàdí kò tíì parí. Ibi tí apá àbúrò mi ti há nínú fídíò yẹn, ohun tó fà á nìyẹn, aṣọ ṣì wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ nígbà tó ti ń wá ọwọ́ wọ̀.

Ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ọwọ́ aṣọ gòkè díẹ̀ kọjá egungun ọrùn ọwọ́. Ẹ ti rọ́bà láti ibẹ̀ lọ sí ìgúnpá, láti ìgúnpá lọ sí èjìká, títí tí abíyá aṣọ fi máa wọ inú abíyá yín pátápátá. Tí àlàfo bá wà lábẹ́ abíyá, bí ìyẹ́ àdán ló máa rí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá na apá síwájú lẹ ó máa na rọ́bà pẹ̀lú rẹ̀. Ó máa ń pa èjìká láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ bá gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni ń gbàdúrà, tó rọrùn, ó ti dára. Tó bá ń fà yín, ẹ padà sí ọrùn ọwọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ẹnì kan kó bá yín fa síìpù. Mo mọ̀ pé okùn wà. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ ni èèyàn ń fi ìgbéraga ṣe nǹkan. Kí ẹ kó egungun èjìká ẹ̀yìn jọ, kí àyà yọ síwájú, kí ẹni náà fi ọwọ́ kan pa ẹ̀gbẹ́ aṣọ méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀, kó wá fi ọwọ́ kejì fà á lọ sókè jẹ́jẹ́. Kó ṣọ́ra kó má fi síìpù bu ara yín jẹ, tàbí kó bu aṣọ tínrín tó wà nísàlẹ̀ jẹ. Tó bá ti dé òkè, ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra bíi ti bàtà ọmọdé wà lọ́rùn. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú, orí rọ́bà ni kó lẹ̀ mọ́, kó má yọ etí jáde kan awọ ọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fi ara ìka kó rọ́bà tó kájọ níkùn, ẹ gbé e sókè sí àyà. Ẹ ó rí i pé ọ̀fun á tú lójijì. Nígbà tí àbúrò mi ṣe èyí lórí fídíò, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni "Ah!"

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó fún tó bó ṣe yẹ, tí kò sì fún jù? Ó yẹ kó há lórí ilẹ̀. Ẹ máa dà bí ẹni tí wọ́n dì bí mọ́ínmọ́ín, ìyẹn dára. Èyí tó bá rọrùn lórí ilẹ̀ á gba omi wọlé nínú odò, omi náà á máa wọlé jáde, gbogbo ohun tí Bradner rò sílẹ̀ á di òfo. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè mí kanlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè gbé itọ́ mì láìnira. Tí orí bá ń fò yín tàbí tí ojú ń ṣú yín lórí ilẹ̀ lásán, ẹ bọ́ ọ kíákíá, kò bá yín mu. Àwọn dókítà pàápàá ka aṣọ tó há jù lára àyà mọ́ àwọn ohun tó lè dá kún àìsàn kan tó máa ń mú òmùwẹ̀ nínú omi tútù, níbi tí omi ti ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Èémí á máa kúrú, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀, itọ́ tó ní ìfòfó pupa díẹ̀ lè jáde. Ẹni tó bá rí ìyẹn, kó kúrò nínú omi, kó má rò pé àárẹ̀ lásán ni.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, àmọ́ iṣẹ́ mi ni láti sọ òótọ́. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2017 nípa àwọn tó kú tàbí tí ọkàn wọn dúró lójijì nínú triathlon ní orílẹ̀-èdè náà láti 1985 sí 2016. Ẹni 135 ni wọ́n kà. Nínú wọn, 90 ló jẹ́ nígbà ìlúwẹ̀ẹ́. Aṣọ kọ́ ni wọ́n dá lẹ́bi o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn ikú ló ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún bíi tèmi, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó sanwó fún ohunkóhun.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ di irun tàbí tí ẹ ní dada, ọ̀rọ̀ tiyín gba àfiyèsí díẹ̀. Ẹ di irun sókè kí wọ́n tó fa síìpù, torí síìpù máa ń mú irun, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fún èèyàn níbi ìdíje kì í gba irun púpọ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú London, Soul Cap, ń ṣe èyí tó tóbi. Lọ́dún 2021, àjọ tó ń darí ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé kọ̀ ọ́, ariwo sì sọ, lọ́dún 2022 wọ́n gbà á wọlé.

Ẹ má rò pé ẹ ti wọ̀ ọ́ tán nígbà tí síìpù bá ti dé òkè. Apá kan ṣì kù, inú omi lẹ ti máa parí rẹ̀. Ẹ rìn wọ inú omi dé àyà. Ẹ fi ìka fa ọrùn aṣọ náà síwájú kí omi díẹ̀ wọlé. Á tutù gan-an ni! Ẹ á pariwo. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde díẹ̀, ẹ tẹ ara yín kí omi tó pọ̀ jù jáde ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Omi fẹ́lẹ́ tó bá ṣẹ́kù á lé afẹ́fẹ́ tó há jáde, rọ́bà á lẹ̀ mọ́ ara bí awọ kejì, èjìká á sì tú sílẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí á máa ja pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ ní gbogbo mítà 200 àkọ́kọ́.

Ohun mìíràn tí omi tútù ń ṣe ni pé ó máa ń gba èémí lọ́wọ́ èèyàn lójijì, ọkàn á máa lu kìkì. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun ń kú. Ẹ̀gbẹ́ RNLI tó ń gba èèyàn là lójú omi ní Britain máa ń sọ pé kí èèyàn má jà, kó dojú sókè, kó gbé orí sẹ́yìn kí etí wọ omi, kó máa léfòó, torí ìjayà yẹn máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí kan ààbọ̀. Aṣọ onírọ́bà gan-an á gbé yín ró. Àbúrò mi kò mọ èyí náà. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bíbọ́ rẹ̀ yá ju wíwọ̀ rẹ̀ lọ, bí ó bá ṣì tutù. Bí ẹ ṣe ń jáde nínú omi lẹ ó ti mú okùn ẹ̀yìn, ẹ fa síìpù, ẹ bọ́ ọ dé ìbàdí bí ẹ ṣe ń sáré lọ. Níbi kẹ̀kẹ́, ẹ tì í dé orúnkún, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹsẹ̀ kejì mọ́lẹ̀, ẹ fa orúnkún sókè. Ní àwọn ìdíje ńlá kan ní Amẹ́ríkà, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń dúró de yín. Ẹ ó dùbúlẹ̀, wọ́n á fà á kúrò lẹ́sẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nílé, omi tó mọ́ lásán ni kí ẹ fi ṣan án, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sá a síbi tí oòrùn kò dé. Oòrùn máa ń ba rọ́bà yẹn jẹ́.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni àbúrò mi padà lọ. Ìdíje kékeré mìíràn, mítà 750 kan náà. Ó dé síbẹ̀ wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú. Ó ní ọ̀rá búrẹ́dì méjì nínú àpò, ó gé èékánná, òrí kò sí níbì kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ló fi wọ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan náà ló bá a fa síìpù. Ó wọ omi, ó fa ọrùn, ó pariwo, ó dojú sókè fún ìgbà díẹ̀, ó wá yí padà, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó parí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àti ìsáré kò fún un níṣòro. Ibi tó ti pàdánù àsìkò ni ìgbà tó fẹ́ bọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ó gbàgbé láti fi ìpara sí ọrùn ẹsẹ̀ òsì, ó jókòó sílẹ̀ nínú koríko, ó ń fà á, ìyá òyìnbó àgbàlagbà ọjọ́ kìíní gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ṣẹ́jú sí i.

Ìyá wa ò tíì mọ̀ nípa rẹ̀ o. Ẹ má sọ fún un.